Yàrá Kékeré fún Ohùn Rẹ

Olóhùn-iyọ̀ mi,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Yàrá ẹrù wa ti di ibi tí wàá ti gba ohùn rẹ sílẹ̀. Owó ò pọ̀, ọgbọ́n ni mo dá sí i: mo kan fóòmù bẹ́ẹ̀dì wa àtijọ́ mọ́ ògiri, mo sì so máìkì mọ́ igi ìgbálẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo nà síwájú máìkì, kí èémí má baà máa pariwo. Má bínú, mi ò bèèrè.

Màámi ká mi mọ́bẹ̀ láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní, "Ṣé orí ẹ pé? Ta ló ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sára ògiri?" Mo ṣàlàyé pé dókítà ní ohùn rẹ lè máà rí bíi tẹ́lẹ̀ mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọ̀fun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún ọ. Màámi lọ gbé kúbùsù tiwọn wá, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn ta á sẹ́nu ọ̀nà.

Pa fáànù kó o tó bẹ̀rẹ̀. Orin tó bá wù ọ́ ni kó o kọ, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, kọ́kọ́ pe orúkọ mi, bó o ṣe máa ń pè mí tí mo bá pẹ́ jù nílé ìwẹ̀. Má yọ ìbínú ibẹ̀ kúrò o. Òun náà ni mo fẹ́.