Ìyá Ọ̀gá àti Àgbá Ooru

                                                  Ilé Aláwọ̀ Ewé,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé Ìfọṣọ,
                                                  Òpópónà Kẹta.
                                                  Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí, mo tún padà wá kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti lọ? Àbíkẹ́yìn rẹ ńkọ́, ṣé ó ti gbà báyìí pé ilé ìwé kì í ṣe ẹ̀wọ̀n? Ní tiwa, ara wa le, àfi ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn wá nítorí ẹ̀rín. Má bínú pé mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ wa ni kò jẹ́ kí n ráyè, bí mo bá sì rò ó fún ọ tán, ìwọ náà á foríjì mí.

O rántí bí ìyá mi ṣe káwọ́ lérí nígbà tí mo fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, tí mo ní mo ń lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú afẹ́fẹ́ pamọ́. Wọ́n ní, "Afẹ́fẹ́ tí Ọlọ́run ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́! Ta ló fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín?" A kì í tà á o. Lọ́sàn-án, iná sólà wa máa ń pọ̀ ju ohun tí a lè lò lọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ó parí. Nítorí náà la ṣe ń fi iná ọ̀sán ti afẹ́fẹ́ mọ́ inú àgbá irin ńlá kan, bí ìgbà tí fọganáísà bá ń fẹ́ táyà. Tó bá dìrọ̀lẹ́, a ó ṣí ẹnu àgbá, afẹ́fẹ́ á fi ìbínú tú jáde, á yí ẹ̀rọ, iná á dé. Ilé ìgbẹ̀bí tó wà ní ìkángun òpópónà ló ń lo iná náà, kí àwọn agbẹ̀bí má baà máa fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú.

Ìṣòro wa ni pé ohun tí à ń rí gbà padà kò tó ìdajì ohun tí à ń kó sínú àgbá. O mọ bí páǹpù kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń gbóná mọ́ni lọ́wọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ ṣe máa ń gbóná. Ooru yẹn, tó jẹ́ agbára gidi, la ń jẹ́ kó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wá ń jáde, á tutù débi pé yìnyín á bo páìpù, ẹ̀rọ á sì máa yí bí arúgbó tó ń gun òkè. Èmi ni mo dábàá pé ká kó ooru náà sínú àgbá kejì tó kún fún òkúta, ká fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé e, kí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lọ gba ibẹ̀ kọjá, kó yáná díẹ̀ kó tó dé ìdí ẹ̀rọ.

A dán an wò, ó ṣiṣẹ́! Mo jó débi pé bàtà mi kan fò sórí òrùlé. Ọ̀gá wa bá ránṣẹ́ sí àwọn tó ń náwó lé iṣẹ́ wa lórí pé kí wọ́n wá wò ó. Àwọn yẹn ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bí ohun tí à ń rí kò bá kọjá ìdajì, àwọn á kó àgbá àwọn, kí kálukú wa wáṣẹ́ lọ.

Àsìkò yẹn gan-an ni ìyá ọ̀gá wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ wọn. Ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ ni ọ̀gá ń gbé. Òtútù nìkan ni Ìyá ń ráhùn rẹ̀, a sì ń kí wọn pẹ̀lẹ́, a ń bá tiwa lọ.

Bí wọ́n ṣe dé ni ooru bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá nínú àgbá òkúta. A wá ibi tó ń jò títí. A fi ìfófó ọṣẹ pa gbogbo páìpù lára, ilẹ̀ ń yọ̀, ọ̀gá fìdí jálẹ̀, ó sì fi ìdí yẹn yọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. A ò rí nǹkan kan, nítorí páìpù la tẹjú mọ́, kò sẹ́ni tó yà wo àgbá òkúta fúnra rẹ̀. Wẹ́dà tó ń bá wa jó irin ní àǹjọ̀nnú ló ń jẹ ooru náà.

Ọjọ́ àlejò pé. Ìyáàfin onígíláàsì kan ló dé, òun àti bàbá kan tó dé àkẹtẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá pa sólà, ó ṣí ẹnu àgbá. Páìpù súfèé, yìnyín bò ó, gílóòbù là díẹ̀ bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Ni ìṣù yìnyín kan bá ta yọ lẹ́nu páìpù, ó gbé àkẹtẹ̀ bàbá yẹn fò kọjá ògiri, ó di inú ọpọ́n ìfọṣọ aládùúgbò wa, ìyá onífọṣọ. Kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi, mo ti ń wo ara mi níwájú ìyá mi, tí mo ń wá ohun tí mo máa sọ.

Bí páìpù ṣe dáwọ́ súfèé dúró la gbọ́ tí ẹnì kan ń hanrun lẹ́yìn àgbá òkúta. A sáré débẹ̀. Ìyá ọ̀gá ló jókòó sórí àga, tí wọ́n fi gbogbo búláńkẹ́ẹ̀tì wa bora, tí wọ́n fẹ̀yìn ti àgbá tó wà níhòòhò. Ológbò mẹ́ta wà lórí ẹsẹ̀ wọn. Ní apá kejì, ìyá onífọṣọ ti sá táwẹ́ẹ̀lì tútù yí àgbá ká. Àṣé kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà!

Ọ̀gá ní, "Màámi! Búláńkẹ́ẹ̀tì àgbá nìyẹn!"

Ìyá lajú, wọ́n wò wá lọ, wọ́n wò wá bọ̀. "Ẹ daṣọ bo irin, ẹ wá fi ìyá yín sínú òtútù. Ṣé irin ló bí yín ni?"

Ìyáàfin onígíláàsì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì nu ojú. Ó ní àwọn á padà wá lọ́la. Mo fa àga sún mọ́ Ìyá, mo ṣàlàyé ohun tí ooru náà wà fún, mo mẹ́nu ba àwọn aboyún. Ojú wọn yí padà. Wọ́n ní, "Ṣé iná àwọn ọlọ́mọ ni mo ń yá? Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?" Òótọ́ ni, a ò sọ. A gbé àga wọn lọ síbi tí fáànù ti ń fẹ́ ooru ara ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú àgbá dànù, ooru tí a ò lè rí mú tẹ́lẹ̀. Inú wọn dùn. Wọ́n wá gba ìgbálẹ̀ kan, wọ́n sọ ara wọn di ọlọ́dẹ àgbá. Ìyá onífọṣọ gbé táwẹ́ẹ̀lì dé, wọ́n lé e. Èmi alára sún mọ́ ọn, wọ́n lé mi.

Lọ́jọ́ kejì, páìpù ò súfèé, yìnyín ò sí. Iná tàn gbòò, ó sì kọjá ìdajì dáadáa. Àwọn àlejò wa fọwọ́ sí i pé ká tẹ̀ síwájú, wọ́n tún ní ká ṣe òmíràn fún ilé ìwé kan.

Ìyá ò padà sílé mọ́ o. Ní àràárọ̀ ni mo máa ń bá wọn pẹ̀lú ọ̀gá lórí àga gígùn, tí ọ̀gá ń jíṣẹ́ bí àgbá ṣe sùn, tí Ìyá ń bá a jiyàn. Lánàá ni ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín kèékèé. Láti ìgbà tí mo ti ń bá ọkùnrin yẹn ṣiṣẹ́, n ò mọ̀ pé ó ní eyín kan tó kán.

Bá mi kí Bàbá àwọn ọmọ, kí o fa àbíkẹ́yìn létí díẹ̀ fún mi. Bàbá àwọn ọmọ tèmi náà ní kí n kí yín. Tètè fèsì, kí o sì wá kí wa. Ààyè wà lórí àga Ìyá.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,

Ẹlẹ́rìn-ín.