Ẹyẹ Tó Ń Gbọ̀n

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà
Olójúkan kọ̀, kò bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀dù kékeré yẹn ni mo sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀, iná àwọ̀ ewé kan ṣoṣo ló ní. Tíṣà kan fẹ́ irú rẹ̀ méjìlá fún kíláàsì rẹ̀: kí ọmọ yí bọ́tìnnì bíi ti rédíò, kí ẹyẹ orí kọ̀ǹpútà máa fò. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ ní kí n fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Mi ò fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin
Wáyà ni. Èyí tí mò ń lò, iná nìkan ló ń gbé, kì í gbé ọ̀rọ̀. Odindi ọjọ́ kan! Mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo gbé ètò kékeré tí á jẹ́ kí àwọn méjèèjì gbọ́ra wọn yé sínú Olójúkan, mo wá ń to búlọ́ọ̀kù àṣẹ aláwọ̀ mèremère lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan ń wọnú èkejì. Mo yí bọ́tìnnì. Ẹyẹ dìde. Mo yí i padà, ó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí oorun ń gbé lọ. Mo jókòó tì í títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà
Ọ̀gá yí i. Ẹyẹ ń gbọ̀n. Àléébù wà níbì kan.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje
Wáyà mẹ́ta ni mo pààrọ̀. Bọ́tìnnì náà. Tí èmi bá yí i, ó dára. Kí Ọ̀gá fọwọ́ kàn án báyìí, ẹyẹ á máa gbọ̀n bí ẹni tí òjò pa. Ọ̀gá ní, "Olóríkunkun, fi wáyà tí kò ṣẹ̀ sílẹ̀." Mo tún tú u.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ
Tíṣà wá. Ó yí i — ẹyẹ ń fò geerege. Ó bi Ọ̀gá bóyá méjèèjìlá á pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, torí Ọ̀gá ló ń fi irin gbígbóná yọ́ lẹ́ẹ̀dì, tó ń fi í lẹ ẹsẹ̀ wáyà tíntìntín mọ́ bọ́ọ̀dù. Ọ̀gá ní á pé. Wọ́n sáré ki ọwọ́ ọ̀tún tó ń gbọ̀n bọ àpò. Ìgbà yẹn ni mo rí i. Kì í ṣe wáyà. Ọwọ́ tó kọ́ mi níṣẹ́ ni.



Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá
Búlọ́ọ̀kù kan wà tó ń ka yíyí bọ́tìnnì nígbà ogún, tó ń mú àárín wọn, kí gbígbọ̀n má bàa hàn. Mo fi í sí i. Ọ̀gá yí bọ́tìnnì, ẹyẹ ń fò bí àlá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Irọ́ ni mo tò síbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá
Mo yọ búlọ́ọ̀kù yẹn. Mo ní kí Ọ̀gá tún yí i, ẹyẹ tún gbọ̀n. Mo sọ ọ́ bó ṣe wà: "Ọ̀gá, wáyà ò ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ yín ni."
Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ láti ọdún tó kọjá. Bí mo ṣe ń pààrọ̀ wáyà yẹn, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́kàn pé ṣe ni mò ń bo àṣírí àwọn. Mo ní rárá o, mi ò mọ̀ ni, wáyà ni mo rò lóòótọ́. Ẹ̀rín pa wọ́n débi pé omi bọ́ lójú wọn.
Wọ́n wá ní, "Ṣé wàá wá ọ̀gá míì ni?"
Mo bi wọ́n pé ibo ni kí n lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá
Dókítà rí wọn lánàá. Oògùn wà, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n má di irin gbígbóná mú mọ́. Láàárọ̀ yìí, Ọ̀gá fa àga wọn fún mi. Wọ́n jókòó tì mí, ọwọ́ lábẹ́ itan, wọ́n ń wò, wọ́n ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: sí òsì díẹ̀, má kánjú, gbé e. Bọ́ọ̀dù mẹ́ta parí. Nígbà tí ẹ̀kẹta tutù, wọ́n ní kí n pa irin, ṣùgbọ́n kí n má tíì dìde, kí àga náà lè mọ̀ mí.