Ìrù Ẹgbẹ́ Kẹ̀kẹ́ Ọjọ́bọ̀

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ

Verlyn sọ ọ́ lónìí! Orí kẹ̀kẹ́ ló ti sọ ọ́, bí a ṣe ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ òwò nínú ẹgbẹ́ àwa oníṣòwò yìí, kí a tó gun òkè dé ibi tí adágún ti hàn. Ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ orúnkún rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ ẹja. Ó ní ó jọ pé òjò máa rọ̀. Lẹ́yìn náà, bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan, ó ní òun àti ìyàwó òun ti ń dàgbà, àwọn fẹ́ ta ilé tí ṣọ́ọ̀bù mi wà, ṣé mo lè fẹ́ rà á kí òun tó sọ fún ẹlòmíì.

Ilé mi! — Ó dáa, ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ti ń rán kánfáàsì nínú rẹ̀ láti ìgbà tí Rolf ọkọ mi ṣì wà láyé? Ta ló ń kun ògiri rẹ̀? Ìbòrí ọkọ̀ ojú omi ìdajì àwọn ará ìlú wa, Duluth, inú ilé yẹn ni mo ti rán an. Báńkì ti gbà láti yá mi lówó lọ́jọ́ tí Verlyn bá fẹ́ tà. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo ti ń dúró dè.

Mo wá ní, "Áà, rárá o, Verlyn, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu nítorí tèmi. Ẹlòmíì lè wà tó nílò rẹ̀ jù mí lọ."

Ó ní, "Ó dáa náà. Kò burú."

Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í gba nǹkan nígbà àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá fi kéèkì lọ̀ ọ́, wàá ní o ti yó. Tí wọ́n bá tún bi ọ́, wàá ní kí wọ́n má ṣe wàhálà. Ìgbà kẹta lo tó ń na ọwọ́. Ìyá mi kò fi èyí ṣeré rárá. Verlyn náà mọ̀ ọ́n, ibí ni wọ́n bí i sí. Ó máa tún bi mí ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Inú mi dùn débi pé mo rán ojú aṣọ kan ní àrántúnrán lọ́sàn-án yìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá

Mo ti mọ ibi tí màá gbé fèrèsé ńlá sí. Ògiri ìlà-oòrùn. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìrù. Orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn. "Ìrù wa dà? Ṣé Ìrù ti dé?" Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, èmi náà á máa rẹ́rìn-ín.

Òfin ẹgbẹ́ ni pé a kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lẹ́yìn. Òfin dáadáa ni. Ṣùgbọ́n kó tó lè ṣẹ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa kẹ́yìn gbogbo wa, kò sì gbọdọ̀ kọjá ẹnikẹ́ni. Èmi lẹni náà, nítorí mo mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ tíúbù. Janelle tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ — tó ń ta ìnṣọ́ránsì, tí mo ń pè ní Onífèrè níbí nítorí fèrè tó máa ń so mọ́ ọrùn — ó ní a ó máa gbà á fún ara wa ni. Èyí ti lé lọ́dún kan. Ta ló ti gbà á lọ́wọ́ mi?

Lónìí, ẹni tuntun kan dé, Pa Houa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù òdòdó. Ẹsẹ̀ òkè ni táyà rẹ̀ ti bẹ́. Mo kúnlẹ̀ sínú òkúta wẹ́wẹ́. Verlyn bojú wẹ̀yìn. Ó tún bojú wẹ̀yìn. Mo rí i! Ó fẹ́ bi mí. Lẹ́yìn náà ni òkè gbé wọn mì.

Nígbà tí a fi máa dé ibi tí wọ́n ti ń mu kọfí, Verlyn ti lọ rí oníṣègùn eyín. Àwọn yòókù ti pín káàdì, wọ́n ti ṣètò, wọ́n ti ń nu ẹnu. Pa Houa ń bẹ̀ mí ṣáá. Mo ní kò burú. Ó burú o. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlélógún

Verlyn kò pè. Kò lè pè. Tó bá pè, á dà bíi pé ó ń fi ilé lé mi lọ́rùn. Èmi náà kò lè pè é. Tí mo bá pè, á dà bíi pé mo ń tọrọ. Àwa méjèèjì wá jókòó sílé wa, a ń bọ̀wọ̀ fún ara wa. Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún

Iṣan fa ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa, tó ń ta bàtà, lẹ́sẹ̀. Kí lẹ rò? Èmi ni mo dúró tì í, mo ń bá a wọ́ ẹsẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà.

Mo rí ẹ̀wù òféèfèé Verlyn lókè, ẹ̀wù pupa Colby wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Colby ló ń yan kọfí ládùúgbò ìsàlẹ̀. Ará Texas ni, kò tíì pẹ́ tó dé, ohùn rẹ̀ lè jí òkú, ó sì ń pè mí ní "mà" bíi pé mo ti bímọ tó dàgbà tó o. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ lórí ìrìn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ kọfí ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ọ̀rọ̀ kọfí! Ímeèlì dé láti ọ̀dọ̀ Onífèrè, sí gbogbo ẹgbẹ́: ẹ bá wa kí Colby kú oríire, inú ilé Verlyn ló máa ti máa yan kọfí rẹ̀, èso ìgun kẹ̀kẹ́ wa rèé!

Èso. Inú ilé Verlyn. Inú ṣọ́ọ̀bù mi! Níbi tí tábìlì ìgéṣọ mi wà ni wọ́n máa gbé àpò kọfí sí. Wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí èmi náà pé kí n wá kí i! Èmi tí wọ́n ń lé jáde ni kí n wá pàtẹ́wọ́. Ẹni tí wọ́n bí síbí kò jẹ́ ṣe báyìí sí èèyàn. Mo kọ èsì. Mo pa á rẹ́. Mo tún kọ òmíràn. Èyí tí mo padà fi ránṣẹ́ ni "Ẹ kú oríire."

Mo kórìíra ara mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo ba ìbòrí odidi ọkọ̀ kan jẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Onífèrè bá mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ojú mi kò dùn. Mo ní ilé mi tí wọ́n tà ni kò jẹ́ kó dùn. Ẹnu yà á.

"Ṣé o ò mọ̀ ni? Orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ṣáà ti sọ ọ́. O wà níbẹ̀."

Mo wà níbẹ̀! Mo wà níbẹ̀, mo di ẹsẹ̀ oníbàtà mú lẹ́bàá ọ̀nà bíi nọ́ọ̀sì!

Ó ní oníkálukú rò pé ẹnì kejì ti sọ fún mi ni. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Verlyn ní ìwọ lòun kọ́kọ́ fi lọ̀, o ní o ò fẹ́."

"Lẹ́ẹ̀kan!" Mo pariwo, lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sọ bẹ́ẹ̀, Janelle!"

Kò lè wojú mi mọ́. Ọmọ ibí lòun náà. Ó mọ ohun tí ẹ̀ẹ̀kan jẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Verlyn wá. Ó gbé kéèkì tí ìyàwó rẹ̀ ṣe dání, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá ka mítà iná. Ó yin òjò. Ó bú òjò. Ó yẹ fèrèsé wò. Mo jẹ́ kó ṣe é tán.

Ó ní òun fẹ́ tún bi mí. Ọlọ́run ń gbọ́, òun fẹ́ tún bi mí. Òun bojú wẹ̀yìn, òun rí mi pẹ̀lú táyà ọmọbìnrin yẹn, òun kò sì fẹ́ dí mi lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, Colby ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu àwọn méjèèjì. Kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ má baà pọ̀ jù, òun ní, "Ìwọ náà ò kúkú ní fẹ́ ra ilé, àbí?"

Èèyàn ń bèèrè irú ìyẹn kí ẹnì kejì lè ní rárá ni!

"Ó ní, 'Mo fẹ́ ẹ, sà!' Marlys, ojú ẹsẹ̀ ló sọ ọ́. Ó sì na ọwọ́."

"Ẹ ò wá lè sọ fún un pé ẹ ò tíì bi mí tán?"

"Ó ti na ọwọ́ ná."

"Verlyn!"

"Ó ti na ọwọ́, Marlys. Kí ni kí n fi ọwọ́ ọmọlọ́mọ ṣe?"

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa fọwọ́ sí ìwé. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ òun nínú. Ó fi kéèkì lọ̀ mí. Mo ní mo ti jẹun. Ó gbé e sílẹ̀, ó lọ. Mo jẹ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, tìbínú-tìbínú, pẹ̀lú ọwọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

N kò lọ. Kí wọ́n wá ìrù mìíràn so mọ́ra.

Wọn kò so ó. Pa Houa yà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń mí hẹlẹ, ẹ̀gún ti ha á lẹ́sẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ akẹ́rù, ó sọnù. Ẹgbẹ́ tí kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀! Mo fún un ní tíì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí orúnkún Verlyn dé orí kéèkì. Ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó yá, kò lè pa ẹ̀rín mọ́ra.

Ó ní, "Ẹ dákun, ẹ má bínú. Ará Texas yẹn ńkọ́? Ta ló ti sọ fún un?"

"Sọ kí ni?"

"Pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ ilé náà."

Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Verlyn kò sọ, Onífèrè kò sọ, èmi tí inú ń bí ọlọ́jọ́ gbọọrọ kò sọ. "Ẹ kú oríire" ni mo sọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tipẹ́, n kò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án

Ọ̀la ni wọ́n máa fọwọ́ sí i. Mo lọ.

Onífèrè fọn fèrè, gbogbo ojú yíjú sí mi pé kí n bọ́ sẹ́yìn. Mo ní, "Ẹlòmíì ni ìrù lónìí." Ọkùnrin oníbàtà ló padà lọ sẹ́yìn, ojú rẹ̀ bàjẹ́. Èmi gun kẹ̀kẹ́ mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Colby.

Mo sọ fún un. N kò sọ orúnkún, n kò sọ ẹja. Mo ní ilé tó fẹ́ rà, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun, ibẹ̀ ni mo fẹ́ darúgbó sí, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ń bá oníbàtà wọ́ ẹsẹ̀.

Ó tẹ bíréèkì. Ojú rẹ̀ pọ́n ju ẹ̀wù rẹ̀ lọ.

"Mà, mi ò tiẹ̀ nílò ilé yẹn! Mo ní àyè tó pọ̀ níbi tí mo wà. Mo rò pé baba yẹn ń wá ẹni tó máa gba ẹrù lórí òun ni. Nílé wa, tí àgbàlagbà bá fi nǹkan lọ̀ ẹ́, o ò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Ìyá mi á gbá mi létí!"

Ìwà ọmọlúàbí! Òun náà, ìwà ọmọlúàbí ló ń hù!

Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ ẹ, mà? Ẹ sọ̀rọ̀ kan péré, màá yọwọ́ nínú ẹ̀."

Ẹnu mi — ẹnu burúkú yìí — ló bá ní, "Áà, rárá o, Colby, má yọ ara rẹ lẹ́nu nítorí tèmi."

Ó ní, "Ó dáa nígbà náà, mà." Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo dúró sójú ọ̀nà bí ère. Verlyn kọjá. Onífèrè kọjá. Pa Houa kọjá, ó wò mí, ó mi orí. Inú bí mi lónìí ju gbogbo ọjọ́ tí mo ti ń kọ ìwé yìí lọ, kò sì sí ẹlòmíì tí mo lè dà á lé lórí.

Mo gbé ìdí kúrò lórí ìjókòó, mo fi gbogbo ara tẹ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà. Mo kọjá Pa Houa. Mo kọjá Onífèrè. Mo kọjá Verlyn láàárín òkè, mo sì ń pariwo lọ, ní ìlú tí wọn kì í tilẹ̀ fọn fèrè mọ́tò síra wọn: "Colby! Mo fẹ́ ẹ! Irọ́ ni mo pa! Mo fẹ́ ilé yẹn, mo fẹ́ ẹ, mo fẹ́ ẹ!"

Obìnrin kan tó ń fa ajá rẹ̀ dúró, ó ń wò mí. Colby yíjú padà lórí òkè.

"Ẹ fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ!"

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ní rárá?"

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Kò yé e. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, kò yé èmi náà mọ́. Mo kàn bú sẹ́kún níbẹ̀, tèmi-tàkoto, ó sì ń gbá mi lẹ́yìn pẹ̀pẹ̀ pé ó ti tán, mà, òun ti yọwọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Ọ́fíìsì lọ́yà. Èmi àti Verlyn. Ó tẹ́ ìwé síwájú mi, ó mú bírò dání, kò fún mi. Ó ní, "Marlys, ṣé ó dá ọ lójú? Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń fi lé ọ lọ́rùn o."

Mo já bírò gbà lọ́wọ́ rẹ̀.