Lọ́fíńdà Tí Mo Fín Lọ sí Ìkórè

Yèyé mi àtàtà,

Èmi ọmọ yín obìnrin ni. Ìwé mi ò pọ̀, ẹ fara mọ́ ọn. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe ní ìkórè lẹ́nu èmi gan-an, kí àwọn tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín tó wá bà á jẹ́.

Wọ́n ti fún àwa Èkìtì ní ìpínlẹ̀ tiwa, a ò sí lábẹ́ Oǹdó mọ́. Àbíkẹ́yìn mi ti ríṣẹ́ ìjọba ní Adó. Lọ́fíńdà ló kọ́kọ́ rà fún mi, ìgò kékeré báyìí, omi inú ẹ̀ pupa rúsúrúsú. Bí mo ṣe fín in sọ́rùn, Yèyé, ẹ̀yin ni mo gbóòórùn. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ká èèpo ọsàn kò, kí omi ẹ̀ lè ta sí yín lọ́rùn tí ẹ bá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì? Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn ẹbí wọn ní opó tó bá ń ta sánsán, ọkọ ló ń wá. Ẹ ò ká èèpo ọsàn mọ́ títí ẹ fi lọ. Kí ló dé tí ẹ gbọ́ tiwọn?

Èmi náà ti di opó báyìí. Mo fín tèmi, mo lọ jókòó sí bẹ́ǹṣì iwájú, àyè mi láti ọjọ́ yìí wá. Ìyá Ẹgbẹ́ wa, ìyàwó tíṣà kan tí mo bá pọn ọmọ ẹ̀, wá dúró lé mi lórí lójú gbogbo ìjọ, ó fọwọ́ di imú.

"Màmá, ẹ lọ ulé, ẹ lọ wẹ̀. Bí ẹ ò bá wẹ̀, ẹ bọ́ sí ẹ̀yìn."

Mo dìde. Wọ́n rò pé ilé ni mo ń lọ. Abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo jókòó sí, mo ń jẹ ẹ̀pà. Oòrùn ràn mọ́ mi lọ́rùn. Èèpo ọsàn tó ń ta ní imú yẹn lọ, òórùn òdòdó dé, bíi ti igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé yín nígbà tó bá tanná. Mo padà wọlé, mo jókòó sí àyè mi. Ìyá Ẹgbẹ́ fa imú, ó rẹ́rìn-ín, ó sún mọ́ mi. Ó ní báyìí ló yẹ kí ìyá àgbà máa ta sánsán. Ó tiẹ̀ ń bi mí léèrè ọṣẹ tí mo fi wẹ̀.

"Mi ò wẹ̀," ni mo wí, kí ẹ̀yìn lè gbọ́. "Lọ́fíńdà tàárọ̀ náà ni."

 Àwọn obìnrin ẹ̀yìn ń fi gèlè bojú rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó tún ní kí n dìde.

Ilẹ̀ ti ń ṣú báyìí. Òdòdó náà ti lọ. Èyí tó kù lára mi ń ta sánsán fẹ́ẹ́rẹ́ bí aṣọ inú àpótí yín. Ṣé bí tiyín náà ṣe máa ń rí nìyẹn tí ilẹ̀ bá ṣú? Mi ò sún mọ́ yín tó nígbà náà láti mọ̀.

Lọ́la, mo ń gbé ọsàn bọ̀ níbi sàréè yín. Màá ká èèpo ẹ̀ kò sórí sàréè náà. Kí ẹnikẹ́ni wá sọ fún mi pé ọkọ lẹ ń wá.

Ọmọ yín olóríkunkun, tó fẹ́ràn yín jù.