Dísìkì Mẹ́jọ, Ààyè Mẹ́rin

Ọjọ́ Ajé, 3 Ẹrẹ́nà
Dísìkì kọ̀ǹpútà tuntun mẹ́jọ dé síbi iṣẹ́! Inú mi dùn bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà fún. Orí wọn ni èsì àyẹ̀wò gbogbo aláìsàn ilé ìwòsàn wa máa wà. Báwo la ṣe máa tò wọ́n? Ọ̀gá mi — Ọ̀gá Ààyè ni mò ń pè é, nínú ìwé yìí nìkan o — fẹ́ kí méje gba ẹrù, kí ààyè ẹyọ kan jẹ́ ààbò fún gbogbo wọn. Èmi ní ká so wọ́n ní méjì-méjì: ohun tá a bá kọ sí ọ̀kan, kó wà lórí èkejì rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Àríyànjiyàn. Ó ní dísìkì mẹ́jọ, ààyè mẹ́rin, òfò pátápátá! Mo ní nínú ètò tirẹ̀, bí ọ̀kan bá kú, tí òmíràn tẹ̀ lé e, ó parí nìyẹn. Ó ní ta ló ń ṣépè fún dísìkì tuntun. Mo rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi, àmọ́ mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 6
Àbúrò mi obìnrin pè. Oyún oṣù kẹsàn-án, ọ̀dọ̀ wa ló máa bí sí, ó sì bẹ̀rù abẹ́rẹ́ ju ejò lọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ yín gbé èsì mi mì o. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n tún gún mi!" Mo padà sọ́dọ̀ ọ̀gá, mo rojọ́ títí ó fi sú u. Ó ní kí n ṣe bó ṣe wù mí, bí ààyè bá tán, ọrùn mi ló wà.

Ẹtì, 7
Mẹ́rin lókè, mẹ́rin nísàlẹ̀. Ti òkè, ìsàlẹ̀ ni èkejì rẹ̀ wà. Ẹni tó bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù.

Ọjọ́ Ajé, 17
Dísìkì kan kú. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ gàdàgbà: nọ́ńbà 3, lókè. Kí n tó mú òmíràn dé, Ọ̀gá Ààyè ti ń ràn mí lọ́wọ́. Ó ka ení, èjì, ẹ̀ta láti apá òsì, ó fa ẹ̀kẹta yọ. Yéè! Òdo ni ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nọ́ńbà 2 ló fà yọ — alààyè! Bó bá jẹ́ tirẹ̀ la ṣe ni, gbogbo ẹ̀ ì bá ti dákú. Àbúrò mi sì wà ní yàrá ìbímọ láti àárọ̀.
Fóònù dún. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ní àbúrò mi ń ṣẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí èsì irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ti ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ fún un, kí n máa bọ̀. Àwọn dísìkì tó wà nísàlẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ ní tiwọn. Mo sunkún níwájú ọ̀gá, ojú ò tì mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Obìnrin ni. Ìyá ń bẹ, ọmọ ń bẹ. Ìyá ń bínú pé wọ́n gún òun.
Ọ̀gá Ààyè wá kí wa. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bóyá a lè so àwọn dísìkì yẹn ní mẹ́ta-mẹ́ta.
Mo ní, "Ọ̀gá, ààyè ò sí."