Ẹja Àárọ̀ Ọláoyè

                                        Ilé Kẹrìndínlógún,
                                        Gwarinpa,
                                        Abuja.
                                        Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Karùn-ún, 2017.

Tèmídayọ̀, Ìyá Tiwátọ́pẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà n'Ìbàdàn? Tiwátọ́pẹ́ ńkọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti lọ? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ńkọ́? Ara tiwa náà le, a dúpẹ́. Mo mọ̀ pé o ti ń sọ kiri pé Modúpẹ́ ti gbàgbé ẹ. N kò gbàgbé rẹ. Ohun tí mo fẹ́ sọ ló wúwo, bébà mẹ́ta ni mo ti fà ya kí n tó kọ èyí.

Ọláoyè ti kú. Ọláoyè wa, ọkọ Wàsílátù, ará Kabba tó ń pẹja ní abúlé etí odò lẹ́yìn Abaji, níbi tí èmi àti ìwọ jọ gbé fírísà onísólà lọ. Ẹni tó máa ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé o ń bẹ̀rù omi bí ológbò. Odò ló gbé e lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.

O rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe kí a tó dé ọ̀hún. Ìdájí ni wọ́n ń wọ ọkọ̀, kí oòrùn tó mú, gbogbo wọn á ti padà, torí pé ẹja kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn ìyàwó wọn á ti dáná sí ààrò dè wọ́n. Èmi yìí ni mo dúró níwájú wọn lọ́jọ́ tí a ṣí fírísà náà, tí mo lanu gbàgà pé láti òní lọ, ẹja kò ní lé ẹnikẹ́ni wálé mọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìwọ náà pàtẹ́wọ́. Bàbá arúgbó kan ló fi èdè wọn sọ̀rọ̀, tí Wàsílátù sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa: "Kai, mádàámù, ẹja nìkan kọ́ ló ń lé wa wálé o." A rẹ́rìn-ín. Mo ṣe bí àwàdà ni. Ẹyin lohùn, Tèmídayọ̀, tèmi ti fọ́.

Ìjì ọ̀sán oṣù kẹrin ni bàbá náà ń sọ. Kò sẹ́ni tó fi òfin de ọ̀sán lórí odò yẹn rí, nítorí kò sẹ́ni tó ń wà lórí omi lọ́sàn-án. Ẹja tó fẹ́ bàjẹ́ ti bá wọn ṣe òfin náà. Àwa la lọ bá wọn pa á rẹ́, a kò sì béèrè ohun mìíràn tó ń lé wọn wálé.

Wàsílátù ní lọ́jọ́ náà, ọkọ òun kó ẹja àrọ̀ ńláńlá wálé láàárọ̀, ó kó o sínú fírísà, ó mu ẹ̀kọ, ó tún gbé àjẹ̀ rẹ̀, ó ń padà sódò. Òun sọ fún un pé ojú ọ̀run ti ń ṣú. Ọkọ òun ní kí òun má ṣèyọnu, àyè ṣì wà nínú fírísà. Ìjì dé, ọkọ̀ dojú dé. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí i.

Fáìlì abúlé méjì mìíràn tó fẹ́ gba fírísà wà lórí tábìlì mi ní ọ́fíìsì, wọ́n ń retí kí n fọwọ́ sí i. N kò lè sọ pé fírísà kò dára. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń jẹun kánú nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti mú bírò, ọwọ́ mi kì í lọ.

Mo lọ kí Wàsílátù ní Sátidé tó kọjá. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi. Ńṣe ló fà mí lọ́wọ́ lọ sídìí fírísà. Kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ náà, oòrùn ń bọ́ ọ, ó ń kùn. Ẹja àárọ̀ Ọláoyè ṣì wà nínú rẹ̀. Kò tà á, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó ní láràárọ̀ tí òun bá ṣí i, bó ṣe kó o sí i náà ló ṣe wà, ọkàn òun á sì máa sọ fún òun pé ọkọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kejì ni. Ó wá wò mí lójú. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ gbé e wá, Àǹtí. Ìgbà wo ni ẹja yìí máa bàjẹ́?"

Bí ìwọ bá rí èsì ìbéèrè rẹ̀, jọ̀wọ́, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Bá mi kí Bàbá Tiwátọ́pẹ́, kí o sì bá mi kí Màmá pé ẹsẹ̀ á sàn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀,

Modúpẹ́