Oògùn Tèmi Ní Èdìdì

Ìfàkì-Èkìtì.

Monísọ́lá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà l'Ékòó? Ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Iṣu ti ń ta, ìyá rẹ sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ kì í kọrin mọ́ látìgbà tí a ti sin Ayọ̀kúnlé àbúrò rẹ.

Mo rí páálí tiramadọ́ọ̀lù, oògùn ara ríro tó pa á, nínú ṣòkòtò oko rẹ̀. Wọ́n ní ojúlówó máa ń ní ibi tí wọ́n ń họ bíi káàdì fóònù, nọ́ńbà á yọ, èèyàn á fi ránṣẹ́ lórí fóònù, ìjọba á sì sọ bó bá dáa. Tirẹ̀ ò ní. Mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ họ ọ́ títí ó fi ya. Nọ́ńbà kan tó wà nídìí rẹ̀ ni mo wá fi ránṣẹ́, ìjọba sì dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé owó mi ò tó, kí n fi kún un. Mo ní ìjọba yìí mọ nǹkan o! Owó ọmọ náà ò tó lóòótọ́. Ebè ló ń kọ fún wọn n'Íkọ̀lé, ẹ̀yìn ń dùn ún, ojúlówó wọ́n, wọ́n sì ń béèrè ìwé dókítà, ló bá lọ ra ti ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ti po nǹkan mọ́ ní gáréèjì.

Ọkùnrin kan sọ lórí rédíò pé bí òfin bá gbà kí wọ́n máa tà á ní gbangba, wọn ò ní lè po ìdọ̀tí mọ́ ọn, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀. Obìnrin kan ní bó bá wálẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé á máa jẹ ẹ́ bí ẹ̀pà. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Mo bi rédíò bóyá òfin náà lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹta, torí oṣù kẹrin ni Ayọ̀kúnlé kú. Ìpolówó ọṣẹ ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí. Péjú oníkẹ́míìsì ní oògùn kan náà ni dókítà kọ fún èmi nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn fún mi, èyí tí ò ń fowó rẹ̀ ránṣẹ́. Tèmi ní èdìdì, ibi tí wọ́n ń họ yẹn. Ayọ̀kúnlé tọrọ ẹyọ kan, mo ní oògùn àgbà ni, mo sì ti páálí náà sábẹ́ ìrọ̀rí.

Jọ̀ọ́, fi owó sìmẹ́ǹtì ránṣẹ́, òjò ń wọ́ ojú oórì rẹ̀ lọ. Má fi owó oògùn kún un. Ọlọ́run á dá ọ sí fún wa, o ò ní fọwọ́ ara rẹ sin ọmọ. Ẹ̀yìn ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Mo ní kó máa dùn mí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jacob Oyèwọlé.